Ìwọ̀ Mélòó Ni?

Òtútù oṣù kẹta ṣì ń já wa létí
nígbà tí a ti ọkọ̀ bọ adágún Harlow.
Kùrukùru bo omi bí ìkòkò tó ń hó,
bẹ́ẹ̀ omi ọ̀hún tutù tó láti gé ọmọ ìka.
Bàbá àgbà mi, Verlin Stamper, kò sọ̀rọ̀.
Ó tú aṣọ ìnura tó fi di ohun ìjà rẹ̀:
wáyà márùn-ún tó yọ láti orí òjé kan,
bí agboòrùn tí afẹ́fẹ́ ti ya aṣọ rẹ̀ lọ,
ẹja rọ́bà kọ̀ọ̀kan ní ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan,
ìrù wọn ń jó kí wọ́n tó kan omi.

"Ẹja ńlá kì í lé ẹyọ kan," ló máa ń wí,
"agbo ló ń lé. Ẹni tó bá fẹ́ tan olójúkòkòrò,
kó gbé agbo wá."

Ẹ̀ẹ̀kẹta tó ń fà á bọ̀ ni ẹnjíìnì kan dún nínú kùrukùru.
Delphine Rusk ni, ẹ̀ṣọ́ adágún,
ẹni tí bàbá àgbà kọ́ bí a ti ń ta kókó okùn
nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ kò tíì hù padà.
Ó kí wa. Ó béèrè ìwé àṣẹ.
Ó wo agboòrùn náà títí.

"Ìwọ̀ mẹ́ta ni òfin gbà lórí okùn kan, Ọ̀gbẹ́ni Stamper."
"Mẹ́ta náà ni."
"Ẹja márùn-ún ni mo rí."
"Ẹja lo kà. Ka ìwọ̀."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ń tẹ ikùn ẹja rọ́bà lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ìyá tó ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.
Méjì kò ní nǹkan kan nínú:
lálẹ́ àná, lábẹ́ iná ilé ìdáná, mo gbọ́ ká, ká,
ẹ̀mú bàbá àgbà ń gé ìwọ̀ wọn kúrò,
aláìléyín méjì tó kàn wá kí agbo lè pé.
Mẹ́ta ló kù. Mo mí kanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Delphine kò tíì gbọ́wọ́ kúrò.
Ìwọ̀ ìkẹta kì í ṣe ẹlẹ́nu kan:
ọrùn kan, ẹnu mẹ́ta,
bí ọmọ ìyá mẹ́ta tó fẹ̀yìn kanra nítorí ogún.
"Èyí ńkọ́? Ọ̀kan ni, àbí mẹ́ta?"

Ó ṣí ìwé òfin. Omi ti wọ ojú ewé yẹn,
lẹ́tà ti wọnú ara wọn bí ekòló.
"Ìwọ̀," ni ìwé wí.
Kò sọ ohun tí ìwọ̀ jẹ́.

Bàbá àgbà na ọwọ́ rẹ̀ sókè:
"Ìka márùn-ún rèé. Ọwọ́ mélòó ni?"
"Ẹja kò ní ka ọwọ́, sà.
Ibi tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀ ló máa kà."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò lè rín in.
Mo ti rí ẹja tí irú rẹ̀ mú léèkẹ́ àti lójú pọ̀,
tí a dá padà sómi,
tó ń yí po lójú kan, ikùn funfun lókè.
Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Delphine kò bu owó ìtanràn fún wa.
Ó ní kí a ká a kúrò títí òun yóò fi bi ọ́fíìsì.
Bàbá àgbà fi aṣọ ìnura wé e, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
mi ò mọ̀ bóyá òtútù ni.
Nígbà tí ìró ẹnjíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ní:
"Ó ṣì ń ta kókó rẹ̀ dáadáa."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni lẹ́tà gbà kó tó dé, ìlà méjì péré:
ọ̀kan ni.
Nígbà yẹn omi ti móoru, ẹja ti wá ibòmíràn gbà.
Bàbá àgbà kà á lórí ìdúró, ó tún un kà,
ó fà á mọ́ ìṣó lára ògiri.
Lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀mú,
ó gé ẹnu méjì kúrò lára ìwọ̀ náà. Ká. Ká.
Mo bi í pé kí ló dé.
Ó ní kí n gbé kọfí wá.