Ẹ̀wà Kan Nínú Imú Oyèwùmí

Ìyá wọn ti lọ sẹ́nu iṣẹ́ òru ní ọsibítù,
ó fi ọmọ méjì lé mi lọ́wọ́, ó ní,
"Bàbá Mọrádéyọ̀, ẹ má sùn fọnfọn o."
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Tákíé,
tí mo lè fi ojú lásán rí ibi tí abẹ́rẹ́ gbé wọ́,
ṣé ọmọ méjì ni yóò wá dá mi láàmú?

Iná ò sí. Ooru mú.
Mo gbé ẹ̀wà sórí atẹ, mò ń ṣa òkúta inú rẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀la.
Mọrádéyọ̀ ń fi ahọ́n ti eyín rẹ̀ tó ń mì,
síwá, sẹ́yìn, bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti dípẹtà.
Aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi kajú ti ba àyà rẹ̀ jẹ́,
mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.
Omi kajú kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Nígbà náà ni ilé dákẹ́.
Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ rí, ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá ń pariwo, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ;
bó bá dákẹ́, ẹ sáré.

Oyèwùmí jókòó sẹ́yìn àga, ó lanu, ó ń fi ẹnu mí.
"Kí lo ṣe?" Kò fèsì.
"Kí lo gbé mì?" Ó mi orí.
Ó wá na ìka sí imú rẹ̀, bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò:
"Ẹ̀wà wọlé. Ó lọ sùn."

Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Mo rí i:
ojú dúdú ẹ̀wà kan ń wò mí láti inú òkùnkùn,
ó fara balẹ̀ bí onílé.
Mo ní kí n fi ìka yọ ọ́, ó tún sún sínú.
Mo mú ẹ̀mú kékeré tí mo fi ń yọ òwú lẹ́nu ẹ̀rọ,
ọwọ́ mi tí kì í gbọ̀n ń gbọ̀n. Mo gbé e sílẹ̀.
Kí n pe ìyá rẹ̀? Kí n ní kí ló ṣẹlẹ̀?
Mo ro ọ̀kadà, mo ro ọ̀nà ọsibítù,
mo ro ẹ̀wà tó ń mu omi imú, tó ń wú,
mo ronú débi tí kò yẹ kí bàbá ọmọ ronú dé.

Mọrádéyọ̀ ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ kó gbóòórùn ata."
Ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo ní kó panu mọ́.
Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo ṣí ìgò ata gígún,
mo gbé e kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Ó fajú ro, ó dúró,
gbogbo ilé dúró pẹ̀lú rẹ̀,
àtíṣììn!
Ẹ̀wà fò, ó ba ara fìtílà, ó já sílẹ̀.
Èmi náà sín. Mọrádéyọ̀ sín, ó kígbe:
eyín rẹ̀ ti bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, bí hóró àgbàdo tuntun.

Báyìí ni àwa mẹ́ta ṣe jáde sí ẹ̀yìnkùlé lóru.
Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà mọ́ ọn, ó jù ú sókè,
ó ní kí alángbá má ṣe rí i.
A dúró, à ń gbọ́ bó ṣe ń yí gbirigbiri lórí páànù.

N kò sùn. Mo fi etí sí imú Oyèwùmí,
mò ń ka èémí bí ẹni ń ka owó olówó.

Ilẹ̀ mọ́, ìyá wọn dé, bàtà funfun rẹ̀ lọ́wọ́.
"Ṣé kò sí wàhálà?"
"Wàhálà kẹ̀? Wọ́n sùn bí igi."
Mo ti fi bisikíìtì di Mọrádéyọ̀ lẹ́nu,
ṣùgbọ́n àlàfo ti wà lẹ́nu náà, ọ̀rọ̀ ò ríbi dúró sí:
"Màámi, ẹ̀wà sùn nínú imú Oyèwùmí!"

Ìyá wọn wò mí. Mo wo ilẹ̀.
Ó gbé ọmọ, ó yẹ ihò imú méjèèjì wò,
ó tún yẹ etí wò, nítorí ó mọ ọmọ rẹ̀.
Nínú etí òsì ló ti rí ìkejì.