Ó Ku Díẹ̀

Àpò Gánà mẹ́ta ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Òkèsà.
Kò sí ìwé ilẹ̀ níbẹ̀, kò sí owó.
Ìwé orin ni, látòkè délẹ̀:
èyí tí wọ́n fi sitẹ́nsù tẹ̀, tí tàdáwà rẹ̀ ti ń sá,
èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ,
èyí tí ikán ti jẹ ohùn tẹ́nọ̀ rẹ̀ tán,
tí báàsì wá ku òun nìkan
bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì.

“Kó o sínú kọ̀ǹpútà,” ni Ìbídàpọ̀ àbúrò mi wí láti Kàdúná,
“iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni.”
Oṣù kẹta rèé.

Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ìjẹun,
mo ń fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan,
mo ń tú pín-ín-nì tó ti dípẹtà.
Lórí ọ̀kan, àbàwọ́n epo pupa, ta ló kàn án?
Lórí ọ̀kan, pẹ́ńsùlù bàbá mi: *Ẹ mí níbí.*
Lórí òmíràn: *Rẹ̀mílẹ́kún, má ṣáájú wa.*
Rẹ̀mílẹ́kún ti ṣáájú wa.
Ọdún kọkànlá nìyẹn.

Wàhálà dé nígbà tí ẹ̀rọ ní kí n sọ wọ́n lórúkọ.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ,
ilé wo ni kí n wò?
Orin kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́ta:
bó ṣe wà lójú ìwé,
bí àwọn sopuránò ṣe ń pè é,
àti bí gbogbo ìjọ ṣe mọ̀ ọ́n:
“èyí tí a kọ lọ́jọ́ tí ìjì ṣí páànù.”

Mo tẹ *Ó Ku Díẹ̀*,
ẹ̀rọ gbé *okudie* jáde.
Mo wò ó títí.
Ṣé òkú ni? Ṣé ó kú ni? Ṣé ó kù ni?
Bàbá tó kọ́ wa ní dò-re-mí ká tó mọ ábídí,
tó ní ohùn ni eegun ọ̀rọ̀,
orin rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ,
ó bọ́ dò sílẹ̀ bí ẹni bọ́ bàtà,
ó bọ́ mí,
ó wọlé níhòòhò.

Nígbà tí mo wá rí àmì fi lé e lórí,
ẹ̀rọ kó gbogbo Ẹ, gbogbo Ọ, gbogbo Ṣ,
ó ní kí wọ́n lọ tò sẹ́yìn sẹ́ẹ̀dì.
Sẹ́ẹ̀dì! Àlejò tí kò sí nínú ábídí wa
ló jókòó ṣáájú onílé.
Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bú u.
Mo ya fódà Ìkórè, mo ya fódà Ìsìnkú,
mo ya fódà Àjíǹde,
mo ya ọ̀kan tí mo pè ní Kò-Tíì-Yé-Mi,
òun ló sì tóbi jù.

Tẹ́nọ̀ tí ikán jẹ ń kọ́?
Mo pe Bàbá Àjíbógun lórí fóònù,
ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún,
tí kì í rántí bóyá òun ti jẹun.
Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, *Ó Ku Díẹ̀*, ẹsẹ kejì.”
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ ewúrẹ́ kan tó ń ké lẹ́yìnkùlé.
Lẹ́yìn náà ló gbé e,
sóò, láà, sóò, mí,
kò ṣì í níbì kankan,
ó tilẹ̀ mí níbi tí bàbá mi ní kí wọ́n mí.

Ikán jẹ ìwé. Kò rí Àjíbógun jẹ.

Mo fi pa mọ́ báyìí:
*Ó Ku Díẹ̀, tẹ́nọ̀, láti ẹnu Àjíbógun. Ewúrẹ́ wà nínú rẹ̀.*
Àmì ohùn pé lórí rẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Iná lọ.
Bátìrì ń kígbe pé òun ti fẹ́ kú.
Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àpò kẹta
ṣì dúró, tí n kò tíì tú okùn ọrùn rẹ̀.