Bọ́tìnì Mẹ́ta

Àjákù kíjìpá ni mo fi rán A,
mo ki òwú sí i níkùn, ó sanra bí ọmọ jòjòló.
Tíṣà Bámitálẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì ya ìyókù;
èmi ò mọ̀wé, abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀.
G àti b, mo rán wọn pọ̀,
ọmọ lẹ́yìn ìyá:
Gb tó wà nínú Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀.

Ó wá ku àwọn tó lámì lábẹ́.
Mo ṣí àpótí.
Ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ àgbà,
bọ́tìnì mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù:
ọ̀kan fún ẹ, ọ̀kan fún ọ,
ọ̀kan fún ṣ.

Ṣeyẹ, bí o bá ń to orúkọ rẹ,
rọra o.
Àwọn ló ń pa àyà rẹ̀ dé
nígbà ọyẹ́.