Èèyàn Mélòó Lo Máa Kó Wá?

Àrá ni wọ́n fi sọ ìlú wa lórúkọ, Thunder Bay,
ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti dé,
ohun tí ń dún níbẹ̀ kò ju ṣọ́bìrì lọ,
kéréré, kéréré, lójú títì.

Reijo Lahtinen ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé.
Aago márùn-ún ìdájí, òkùnkùn ṣì ń hanrun,
ó ti ń fi káàdì báńkì ha yìnyín kúrò lára gíláàsì,
káàdì tí kò wúlò fún nǹkan mìíràn mọ́ lóṣù náà.
Gìtá rẹ̀ wà lẹ́yìn àga awakọ̀, nínú àpótí dúdú
tí ọmọbìnrin kan lẹ àwòrán ọ̀pọ̀lọ́ mọ́.
"Ṣé òkú ló wà níbẹ̀?" ni ọmọ náà bi í.
Ó ní, "Rárá o. Ó ń sùn ni."

Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra.
Ilé ọtí mẹ́ta ló kù níbí tí ń gba olórin,
àwa ẹyẹ onígìtá sì lé ní ogójì.
Ẹgbẹ́ àwọn tí ń ti òkúta lórí yìnyín ti gbà fún wa rí:
ọgọ́rin dọ́là, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja.
Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lọ ra ẹ̀rọ
tí ń bá ẹni tí kò lè kọrin kọrin.

La bá lọ bá Darcy.
Ó ń da ìgò òfìfo sínú àgbá lẹ́yìnkùlé, kò tilẹ̀ dúró.
"Èèyàn mélòó lo máa kó wá?"
Kò béèrè irú orin wo.
Èèyàn mélòó, bí ẹni pé bọ́ọ̀sì la wá fi háyà.
Mo rí Reijo tó ń ṣẹ́ka nínú ibọ̀wọ́:
ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn,
àbúrò rẹ̀ ń bínú lórí ilé bàbá wọn,
èmi kò ṣe é kà, èmi ni mo ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀.
"Ogún," ló wí.
Irọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú èéfín.

Owó ńkọ́?
Darcy rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn èèyàn yóò mọ̀ yín.
Inú ọkọ̀ ni Reijo tó dá a lóhùn, nígbà tí kò gbọ́ mọ́:
"Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo ti wà nílùú yìí.
Ìdajì àwọn tí ń mutí níbẹ̀,
èmi ni mo gbé wọn lọ síléèwé.
Ta ni kò mọ̀ mí?"

Alẹ́ Sátidé, èèyàn mẹ́sàn-án.
Tẹlifíṣọ̀n wà lókè orí wa, họ́kì ni wọ́n ń wò.
Àárín orin kẹta, gbogbo ilé fò dìde,
ariwo sọ, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.
Mo tẹríba.
Àṣé wọ́n jẹ góòlù ni.

Ṣùgbọ́n màmá kan wà nídìí ilẹ̀kùn, Aune, tó fẹ́ máa lọ.
Ó ti wọ ibọ̀wọ́ kan, ìkejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀
nígbà tí Reijo bẹ̀rẹ̀ orin tí kò tíì lórúkọ.
Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan wọṣọ, ọwọ́ kan ìhòòhò,
títí okùn tó kẹ́yìn fi dákẹ́.
Kò pàtẹ́wọ́. Ó wọ ibọ̀wọ́ kejì, ó jáde sínú òjò dídì.

Ọgbọ̀n dọ́là, àti àwo ànàmọ́ díndín kan tó ti tutù.
Epo ọkọ̀ jẹ méjìdínlógún.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ gba wáyà mi lọ́wọ́ rẹ̀
níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró.
Àwọn ọmọ ń gùn ún, imú wọn pupa,
ó ń kà wọ́n sẹ́nu, bí òfin ṣe wí,
ọ̀kan, èjì, ọmọ ọlọ́pọ̀lọ́, ẹ̀ẹ́rin...
Ó dé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Ó wò mí. Mo wò ó.
Ó ti ilẹ̀kùn.