Òṣómàáló Inú Àyà

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni, mo ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Ọmirù,
oyún oṣù mẹ́fà níwájú, báàgì aṣọ oníbàárà léjìká,
ni àyà mi bá bẹ̀rẹ̀ eré tí ẹnikẹ́ni ò rán an.
Kì-kì-kì-kì,
bí máṣíìnì tí a ò fẹsẹ̀ tẹ̀
tó ń rán lọ láìsí òwú lójú abẹ́rẹ́.
Mo jókòó sórí pèpéle onílé kan.
Ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá wò mí títí,
ó fún mi ní ẹyọ kan, kò gbowó.

Ìyá ọkọ mi ní, "Kí ló já ọ láyà?"
Mo ní kò sí.
"Ta ló lé ọ lójú àlá?"
Mo ní ta ló rí oorun sùn tí yóò lálàá?
Èdè wa ló dá a sílẹ̀:
bí àyà bá ti ń sáré, a ti sọ pé ẹ̀rù ni,
a ó máa wá ohun tó ń bani lẹ́rù kiri inú ilé.
A gbé bẹ́ẹ̀dì, a wo abẹ́ rẹ̀,
a ò rí nǹkan kan, àfi bàtà ẹsẹ̀ kan
tí a ti ń wá láti ọdún Àjíǹde.

Ní Wẹ́sílì, Nọ́ọ̀sì Ìbíwóyè di ọrùn ọwọ́ mi mú,
ojú rẹ̀ wà lára aago,
ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni ń ka owó olówó.
"Méjìdínlọ́gọ́fà."
Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ó tún un kà.
"Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà.
Wò ó, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ ti pọ̀ sí i torí ẹni tó ń bẹ nínú,
ọkàn kan ṣoṣo ló sì ń pín in kiri.
Yóò sáré díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àìsàn.
Tìẹ yìí ju díẹ̀ lọ."
Ó gún mi níka. Èsì dé:
ẹ̀jẹ̀ mi ti ṣàn jù, kò lágbára,
bí ọbẹ̀ tí àlejò dé bá, tí a sáré bomi lé.

Mo rántí baba tó bí baba mi,
Ìjẹ̀ṣà tó ru aṣọ àwìn lọ sí ìlú onílùú.
Bí oṣù bá pé, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
"Òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi!"
Òjò ò lé e. Oúnjẹ ò tàn án.
Àṣé bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi ṣe lóṣòó sínú àyà,
kò wá dẹ́rù bà mí,
gbèsè ló wá gbà.

"Kí lo ń jẹ bí o bá ń ránṣọ lóru?"
Mo dákẹ́. Aṣọ Kérésì mẹ́rìnlá wà nílẹ̀,
obì gbàǹja ni mo fi ń lé oorun.
Ó wo eyín mi, kò bi mí mọ́.
"Fi í sílẹ̀. Obì a máa lé ọkàn léré."

Báyìí, omi ọsàn ni mo fi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀,
n kì í mu tíì tẹ̀ lé e.
Mo ń mu omi kí òùngbẹ tó pè mí.
Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo fi ń sùn, mo kẹ̀yìn sí ọkọ mi;
ó ní mo ti kọ òun. Àwàdà ni, mo rò pé àwàdà ni.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń sinmi lórí òkè.
Onílé yẹn ti gbé àpótí kan síta,
kò sọ pé tèmi ni.

Nọ́ọ̀sì fi bírò pupa kọ ìyókù sẹ́yìn káàdì mi:
bí àyà bá ń dùn mí, bí òòyì bá fẹ́ gbé mi ṣubú,
bí èémí bá kúrú nígbà tí mo jókòó lásán,
bí mo sinmi tí eré náà ò dẹwọ́,
kí n má dúró de ilẹ̀ mọ́, kí n má dúró de ọkọ.
Ìyá ọkọ mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ àwọ̀ pupa.
Ó fi káàdì náà sábẹ́ Bíbélì rẹ̀,
níbi tí ọwọ́ ti tètè lè tó o.

Lánàá, wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ tìrẹ nínú ẹ̀rọ.
Tèmi ti wálẹ̀ sí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún;
tìrẹ lé ní ogóje, nọ́ọ̀sì ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà,
ta ló jẹ ọ́ lówó
tí o ti ń lóṣòó dè é láti inú ikùn?