Agbọ́n Lábẹ́ Agbọ̀n

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi rìn,
mo sì tún gba ẹnu géètì kan náà wọlé.
Ẹ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ dá mi dúró, Bàbá Àtàndá,
irun rẹ̀ ti funfun, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò yí padà.
Ó wò mí láti bàtà títí dé àgbọ̀n.
"Oyèkànmí ni mo ń jẹ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ni mo ti jáde,
èmi ni wọ́n ní kí n wá máa kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù agbọ̀n."
Ó ronú. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n.
"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìwọ tó ju méjì n'Ílọrin,
tí ọ̀kan kò wọlé nínú méjèèjì!"
Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí géètì fún mi bí ẹbí.

Báyìí ni Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe kí mi káàbọ̀.

Pápá ṣì wà lẹ́yìn ilé ìjẹun,
sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti là bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀,
igi máńgòrò ti na ọwọ́ kọjá ìlà,
èso rẹ̀ ń já lulẹ̀, pò,
níbi tí a ti máa ń sáré lọ́sàn-án gangan.
Agbọ̀n ìhà Tákíẹ́ ṣì wọ́ sí òsì:
èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ wọ́, lọ́jọ́ tí mo fò, tí mo so rọ̀,
torí ọmọbìnrin kan tó dúró létí fèrèsé láàbù.
Kò rí mi. Ó ń fọ ìgò.
Àwọ̀n ti lọ, okùn mẹ́ta ló kù lára irin.
Lábẹ́ pátákó, agbọ́n ti kọ́lé,
agbọ́n lábẹ́ agbọ̀n,
wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde,
wọn kò tàsé rí.

Ọ̀gá Oyèlẹ́rẹ̀ tó kọ́ wa ti sùn ní ìtẹ́ òkú Onítẹ̀bọmi.
Fèrè rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀,
wọ́n kó o fún mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti ìwé tí eku ti jẹ létí.
Mo fọ̀ ọ́, mo tún sè é nínú omi,
síbẹ̀ nígbà tí mo fọn ọ́n, ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́:
"Tẹ orúnkún! Ọwọ́ a máa parọ́, orúnkún kì í parọ́!"
Orúnkún tèmi báyìí, òjò ló ń sọ tẹ́lẹ̀.
Kí ó tó ṣú lápá Ìkòyí, ó ti mọ̀.

Ọmọ méjìlá ló wá lọ́jọ́ kìn-ín-ní,
méje nínú wọn ló ní bàtà.
Wọ́n ń wo ikùn mi. Ẹnìkan sọ nǹkan wúyẹ́.
Mo gba bọ́ọ̀lù, mo lù ú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
mo jù ú sí agbọ̀n tó wọ́.
Ó lu irin. Ó fò jáde. Ó lu ilé agbọ́n.

A sá! Kóòṣì sá, ọmọ sá,
ẹlẹ́sẹ̀ lásán sá ju ẹlẹ́bàtà lọ,
Bàbá Àtàndá náà sá, agbọ́n kankan kò sì lé e.
Ẹ̀yìn ilé ìjẹun la dúró sí, à ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Ojú kan Ìtùnú ti wú bí púfúpúfù,
ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín.
"Ọ̀gá," ó ní, "ṣé bí ẹ ṣe jù ú n'Ílọrin náà nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.
Ohun tí mo gbé kiri fún ọdún mọ́kàndínlógún,
tí n kò sọ fún ìyàwó, tí n kò sọ fún ọmọ,
ó já bọ́ lẹ́nu mi, pò.

Nírọ̀lẹ́, a fi èéfín lé agbọ́n.
Ìtùnú dúró lórí ìlà pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo,
ó ju ìkínní, kò wọlé.
Ó ju ìkejì.
Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí.
Mo ti ki fèrè bọnu. Mo yọ ọ́.
Bọ́ọ̀lù ń yí lọ sábẹ́ máńgòrò;
èmi fúnra mi ni mo lọ gbé e,
orúnkún mi ń dún, ké, ké,
mo sì jù ú padà sí i.