Àwọn Tí Kò Kọjá

Oṣù Keje ni wọ́n fún mi ní ìwé àti bírò,
wọ́n ní kí n lọ jókòó sétí odò lẹ́yìn Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
kí n máa ka orí tó bá gba afárá onípákó kọjá.
Owó afárá kan ṣoṣo ló wà nínú àpò ìjọba,
ibi mẹ́ta ló ń tọrọ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ la ti ṣèpàdé. Orúkọ ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́,
ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.
Ẹnìkan ní àdúgbò òun ló dìbò jù.
Ẹnìkan ní ìyá òun lálàá.
Ẹnìkan kàn ń gbá tábìlì.
Alága Ọláníhún yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún,
ó ní, "A kì í fi ọ̀fun wọn aṣọ.
Ẹ lọ kà á. Ibi tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ sí lowó ń lọ."
Inú mi dùn. Mo ní, làákàyè ti wọ̀lú.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá lábẹ́ agbòjò tó ya.
Ẹni kan kọjá, mo fa igi kan;
igi márùn-ún, mo dì wọ́n bí ìdì igi ìdáná.
Mẹ́tàdínlógójì lójúmọ́.
Ọjọ́ tí odò kún, mẹ́rin.

Mẹ́tàdínlógójì! L'Ókèfìà, ọkọ̀ nìkan ju ẹgbẹ̀rún lọ.
Mo ń pa ìwé dé
nígbà tí Ìyá Sẹ̀fíátù, tó ń pa ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
tí kò bi mí ní nǹkan kan látọjọ́ yìí, sọ pé:
"Akọ̀wé, o ka àwọn tó kọjá.
Ta ló ń ka àwọn tí kò kọjá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Báwo lèèyàn ṣe ń ka ẹni tí kò wá?

Ó ní kí n wo ilé aláwọ̀ ewé òdìkejì:
ọmọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀,
látìgbà tí pákó kẹrin ti já, òjò ló ń fún wọn ní họ́lídè.
Ó ní aboyún kan ń gba Gbódòfọ́n yí po,
ẹgbẹ̀rin náírà ọ̀kadà, nítorí kí wọ́n lè fọwọ́ kan ikùn rẹ̀.
Òun alára, ọdún méjì rèé
tóun ti dì mọ́ àbúrò òun kẹ́yìn.
Àràárọ̀ ni wọ́n ń juwọ́ síra wọn,
láti bèbè dé bèbè.

Mo tún ìwé ṣí.
Mo wọ ilé dé ilé, ọ̀tún odò, òsì odò,
ìbéèrè kan náà ni:
"Ká ní afárá gidi wà, ibo lẹ̀ bá lọ lónìí?"
Ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá.

Alága wo iye méjèèjì títí.
"Èwo lòótọ́ níbẹ̀?"
"Méjèèjì ni, sà. Ìbéèrè wa ló yàtọ̀."
Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbá tábìlì.

Wọn ò tíì pinnu.
Òjò ti ṣú lápá Òkè Baálẹ̀.
Mo fa igi kan sí i
fún àbúrò Ìyá Sẹ̀fíátù,
tí mo gbàgbé láti béèrè orúkọ rẹ̀.